Bí a ṣe ń wé eṣúṣú fún ẹja trout: ìdáhùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ fly

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 26 ni mí, Leicester ni mo ń gbé. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ wa mú mi lọ sí adágún Rutland Water lọ́dún tó kọjá, a lọ fi fly, ìyẹn ìwọ̀ tí wọ́n wé òwú àti ìyẹ́ mọ́ kó lè jọ oúnjẹ ẹja, pẹja trout, àtìgbà náà ni ọkàn mi ò ti kúrò níbẹ̀. Mo ti ra fáìsì tó ń di ìwọ̀ mú, mo ra òwú àti ìyẹ́, mo fẹ́ máa wé fly fúnra mi. Wọ́n ní leech, ìyẹn fly tó ń fara wé eṣúṣú, ló rọrùn jù. Mo ti wé mẹ́fà, kò sí èyí tó dáa nínú wọn. Ìyẹ́ ń já bọ́ lára wọn, ìrù wọn ń lọ́ mọ́ ìwọ̀ nínú omi, ojú ìwọ̀ méjì nínú wọn sì ti dí débi pé okùn ò gbà á kọjá. Kí ni mò ń ṣì ṣe? Àbí kí n pa leech tì, kí n lọ kọ́ Woolly Bugger tí gbogbo èèyàn ń sọ?"

Àbúrò mi, o kú akitiyan. Má pa leech tì. Ẹ̀dùn mẹ́ta lo kà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni gbogbo wọn ti ń wá: ẹrù ti pọ̀ jù lórí ìwọ̀ rẹ. Òwú tó pọ̀ jù ló dí ojú ìwọ̀. Ìyẹ́ tó pọ̀ jù ni òwú ò rí dì mú, ìdí nìyẹn tó fi ń já bọ́. Ìrù tó gùn jù ló ń lọ́ mọ́ ìwọ̀. Bí mo bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, ìdajì ohun tó wà lára mẹ́fẹ̀ẹ̀fà la máa jọ tú dànù, wọ́n á sì dáa ju bí wọ́n ṣe wà yẹn lọ.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹ̀dá tí à ń fara wé. Leech, eṣúṣú ni, eṣúṣú tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba àwa ọmọdé nílé pé yóò lẹ̀ mọ́ wa lẹ́sẹ̀ bí a bá wọ odò. Àmọ́ ọ̀pọ̀ èyí tó wà nínú adágún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn rárá. Ekòló, ìdin kòkòrò omi àti ìgbín kéékèèké ni oúnjẹ wọn. Èyí tí àwọn oníṣègùn fi ń fa ẹ̀jẹ̀ láyé àtijọ́, Hirudo medicinalis, ti ṣọ̀wọ́n débi pé òfin ń dáàbò bò ó níbẹ̀. Bí o bá yí òkúta kan létí omi, tí o rí ohun kékeré kan tó ní àwọ̀ ilẹ̀, tó ká jọ bíi bọ́tìnnì, má tíì dá òkúta náà padà. Ní sùúrù. Yóò na ara, yóò sì lúwẹ̀ẹ́ lọ. Ara rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ bí ọ̀já, á máa rú sókè, á máa rú sódò. Kíyè sí i dáadáa: sókè-sódò ni, kì í ṣe sọ́tùn-ún-sósì bí ejò tàbí ẹja ṣe ń ṣe. Orí ìyẹn ni gbogbo iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe dúró lé. Ẹja kì í ka iye ìyẹ́ tó wà lára fly, ìrìn rẹ̀ ló ń wò. Nítorí náà, orí gbọ́dọ̀ wúwo kó lè máa já wálẹ̀, ara gbọ́dọ̀ tín-ín-rín, ìrù sì gbọ́dọ̀ rọ̀ tó ohun tí omi lásán lè máa fẹ́ lẹ́lẹ́.

Woolly Bugger dáa, mi ò ní bà á jẹ́ lójú rẹ. Russell Blessing ló wé e ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1967, kì í sì í ṣe eṣúṣú ló ní lọ́kàn. Ìdin kòkòrò omi ńlá kan tí wọ́n ń pè ní hellgrammite ló fẹ́ fara wé, ẹja bass ló sì fẹ́ fi pa. Lẹ́yìn náà ni àwọn apẹja rí i pé ó jọ eṣúṣú, ó jọ ẹja kéékèèké, ó jọ oríṣiríṣi nǹkan. Ohun tí mi ò fi ní kọ́kọ́ fà á lé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ni ìyẹ́ ọrùn àkùkọ tí wọ́n máa ń wé yí ara rẹ̀ ká láti ìdí dé orí. Ìyẹ́ yẹn ń já, ó ń yí, ó sì máa ń ṣù jọ sẹ́bàá ojú ìwọ̀, ibi tí ìwọ ti níṣòro tẹ́lẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ kọ́ ọ kò ní i. Mohair leech ni wọ́n ń pè é, àwọn apẹja adágún ní ìwọ̀-oòrùn Kánádà fẹ́ràn rẹ̀ gan-an: ìrù ìyẹ́ tòlótòló, ara onírun, ìlẹ̀kẹ̀ lórí, ó parí.

Ohun tí o máa rà ò pọ̀. Ra ìwọ̀ size 10 tí ọ̀pá rẹ̀ gùn. Ọ̀pá ìwọ̀ ni mò ń pe ibi tó tọ́ gbọnrangandan láàárín ojú ìwọ̀ àti ibi tó ti tẹ̀. Rántí pé nọ́ńbà ìwọ̀ ń lọ sẹ́yìn: size 12 kéré sí 10, 8 sì tóbi jù ú lọ. Ra ìlẹ̀kẹ̀ idẹ tó tó 3 mm, dúdú tàbí àwọ̀ bàbà. Wọ́n lè ní kí o ra ti tungsten torí pé ó wúwo ju idẹ lọ, ṣùgbọ́n ó wọ́n, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ò sì nílò rẹ̀. Òwú dúdú 6/0 ni kí o lò, torí 8/0 tẹ́ẹ́rẹ́ jù, á máa já mọ́ ọ lọ́wọ́. Wá ra ìyẹ́ marabou dúdú àti òwú onírun mohair dúdú. Bí dúdú bá ti mọ́ ọ lọ́wọ́ tán, o lè wé àwọ̀ ilẹ̀, àwọ̀ ewéko tó ṣú, tàbí àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ. Kútẹ́ẹ̀sì tí kò ní àwọ̀ máa wúlò níparí. Sísọ́ọ̀sì rẹ gbọ́dọ̀ mú lẹ́nu, má sì fi gé ohun mìíràn.

Marabou ni ẹ̀mí fly yìí, jẹ́ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Orúkọ ẹyẹ ńlá kan ní Áfíríkà ni, orí rẹ̀ pá bí ti igún, ara rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń tu ìyẹ́ náà nígbà kan. Lónìí, tòlótòló ló ń ti wá, wọ́n á pa á láró, orúkọ ẹyẹ àkọ́kọ́ nìkan ló ṣẹ́kù. Bí ó bá gbẹ, á wú bí òwú inú ìrọ̀rí. Bó bá kan omi báyìí, á rọ̀ jọ, á sì tín-ín-rín. Ìdí nìyí tí ojú fi máa ń tan ènìyàn lórí ìwọ̀n rẹ̀. Gbígbẹ kọ́ la fi ń wọ̀n ọ́n. Fi omi rẹ ẹ́ ná, kí o wá mú ìdìpọ̀ tó sanra tó igi ìṣáná. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, yọ lára rẹ̀. Ìyẹ́ tí egungun àárín rẹ̀ bá le, fi sílẹ̀ fún iṣẹ́ mìíràn, òwú kì í dì í mú dáadáa.

Ó yá, jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀. Fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀gún ìwọ̀, èyí kékeré tó yọ lẹ́bàá ẹnu rẹ̀, mọ́lẹ̀ kí o tó ṣe ohunkóhun. Ìlẹ̀kẹ̀ á lè kọjá, ìwọ̀ náà á sì rọrùn láti yọ, bó jẹ́ ẹnu ẹja ló wà tàbí ìka rẹ. Ihò méjèèjì tó wà lára ìlẹ̀kẹ̀ kò dọ́gba. Ti kékeré ni kí o kọ́kọ́ fi kọ́ ẹnu ìwọ̀, torí òun ló gbọ́dọ̀ kọjú sí ojú ìwọ̀ nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ bá dé iwájú. Fi ìwọ̀ sínú fáìsì, kí ọ̀pá rẹ̀ tẹ́jú bíi tábìlì.

Bẹ̀rẹ̀ òwú lẹ́yìn ìlẹ̀kẹ̀. Jẹ́ kó gun ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́fà kó lè di ara rẹ̀ mú, gé èyí tó rọ̀ sílẹ̀, kí o máa wé e lọ sẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́, títí dé ọ̀kánkán òkè ibi tí ẹ̀gún ìwọ̀ wà tẹ́lẹ̀. Má fo ibí yìí rárá. Irin tó wà níhòòhò ń yọ̀, ohunkóhun tí o bá so mọ́ ọn láìsí òwú lábẹ́ rẹ̀ á máa yí kiri. Ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ ibẹ̀ ni ìyẹ́ tìrẹ ti ń rọ́nà já bọ́.

Ní ti bí òwú ṣe yẹ kó le tó, rántí àwọn ìyá wa tó ń fi òwú dúdú kó irun. Wọn kì í fà á débi tí omijé á fi máa bọ́ lójú ọmọ, wọn kì í sì í dẹ̀ ẹ́ débi tí irun á fi tú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìwọ̀n yẹn ni. Kọ́ ọ báyìí: gbé ìwọ̀ lásán sínú fáìsì, wé òwú mọ́ ọn, máa fà á díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi já. Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ọwọ́ rẹ á ti mọ ibi tó ti ń já, wàá sì máa dúró díẹ̀ kó tó débẹ̀. Bí òwú bá wà ní ìwọ̀n yẹn, ẹ̀ẹ̀márùn-ún péré ti di ìyẹ́ mú. Ẹni tó ń wé e lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún, òwú tó dẹ̀ ló ń lò, gbogbo rẹ̀ á sì ṣù sójú kan.

Ìrù ló kàn. Gbé ìdìpọ̀ marabou tó ti rẹ yẹn lé ọ̀pá ìwọ̀. Èyí tó yọ sẹ́yìn gbọ́dọ̀ gùn tó ọ̀pá ìwọ̀, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún tí èmi náà bẹ̀rẹ̀, tèmi máa ń gùn ní ìlọ́po méjì, torí mo gbà pé gígùn ló ń mú un jọ eṣúṣú. Lọ́jọ́ kan, láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ẹja fa fly mi lẹ́ẹ̀méje, mo kà á, mi ò rí ẹyọ kan mú. Ìpẹ̀kun ìrù ni wọ́n ń já jẹ, ẹnu wọn ò dé ibi tí ìwọ̀ wà. Mo jókòó sórí koríko, mo fi èékánná já ìrù náà sí ìdajì, mo sì gbé ẹja méjì kí n tó lọ sílé. Ìrù kúkúrú kì í ráyè lọ́ mọ́ ìwọ̀ náà, ìyẹn sì ti yanjú ẹ̀dùn rẹ kejì.

Èékánná ni mo wí o, kì í ṣe sísọ́ọ̀sì. Bí sísọ́ọ̀sì bá gé ìrù, ẹnu rẹ̀ á tẹ́ gbọọrọ bíi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé, kò sì ní jó nínú omi mọ́. Fi èékánná àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá já a ní mélòó kan mélòó kan, kí ìpẹ̀kun wọn má ṣe dọ́gba.

Láti dì í mọ́ ìwọ̀, fi ìka méjèèjì yẹn fún ìyẹ́ àti ọ̀pá ìwọ̀ pa pọ̀. Gbé òwú gba àárín ìka kọjá, jẹ́ kó dẹ̀ díẹ̀ lókè, kí o wá fà á wálẹ̀ tààrà. Ṣe é lẹ́ẹ̀mejì kí o tó ṣí ìka. Bí o bá fà á láti ẹ̀gbẹ́, òwú á gbé ìyẹ́ yí lọ sábẹ́ ìwọ̀. Ìdí ìyẹ́ tó ṣẹ́kù síwájú, má gé e níbẹ̀. Tẹ́ ẹ lé ọ̀pá ìwọ̀ títí dé ẹ̀yìn ìlẹ̀kẹ̀, wé òwú bò ó, ibẹ̀ ni kí o ti gé e. Èrè méjì ló wà ńbẹ̀: ara fly á dọ́gba, kò ní yọ gegele nídìí ìrù, ìyẹ́ tí òwú sì ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ìdí dé ọrùn, ẹja wo ni yóò fà á yọ?

Dá òwú padà sídìí ìrù. Gé mohair bíi 12 cm, so ó mọ́ ibẹ̀, kí òwú tún padà síwájú, kó lọ dúró lẹ́yìn ìlẹ̀kẹ̀. Irun ewúrẹ́ Angora ni mohair, irun rẹ̀ gùn, ó sì máa ń dúró jáde. Bí o ti ń wé e bọ̀ síwájú, máa fi ọwọ́ kejì pa irun náà sẹ́yìn nígbàkúùgbà tó bá yí ọ̀pá ká, kí o má baà wé mohair lórí irun tirẹ̀ kí ó sì tẹ̀ ẹ́ pa. Ẹ̀ẹ̀méje tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ á ti gbé ọ dé iwájú. Dúró nígbà tó bá ku ìdajì ìbú ìlẹ̀kẹ̀ kan. Àyè kékeré yẹn ni alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kì í fẹ́ fi sílẹ̀, òun náà sì ni òwú fi ń gun orí ojú ìwọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ á ràn ọ́ lọ́wọ́ níbí. Yàtọ̀ sí pé ó wúwo, ó dà bí ògiri láàárín iṣẹ́ rẹ àti ojú ìwọ̀. Bí òwú rẹ ò bá ti kọjá rẹ̀, ojú ìwọ̀ ò lè dí.

Fi òwú dì mohair mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kó le, gé èyí tó kù. Bí o kò bá tíì mọ irin whip finish tí wọ́n fi ń ta kókó ìparí lò, kò burú. Ká òwú sí ìka kó di òrùka, fi òrùka náà kọ́ orí ìlẹ̀kẹ̀ wá sẹ́yìn, fà á le. Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin, gé òwú, kí o fi ẹnu abẹ́rẹ́ kán kútẹ́ẹ̀sì díẹ̀ sórí kókó náà. Díẹ̀ ni o, torí mohair máa ń fa omi, kútẹ́ẹ̀sì tó bá pọ̀ á gbẹ mọ́ irun.

Bó bá ti gbẹ, mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí o ti pa tì, kí o ya irun ara rẹ̀ síta, ní pàtàkì lábẹ́ ikùn. Èyí tó bá bọ́, jẹ́ kó bọ́, kì bá bọ́ sínú omi náà ni. Gbé e síwájú fèrèsé. O gbọ́dọ̀ lè rí ìmọ́lẹ̀ láàárín irun náà, kí ara tó ṣú sì hàn ní àárín. Àwọn kan máa ń fi okùn dídán méjì tàbí mẹ́ta kún ìrù. Èmi kì í ṣe é. Eṣúṣú tí mo rí lábẹ́ òkúta kì í dán.

Kó o tó gbé e lọ sódò, bu omi sínú ife tó ga, so okùn mọ́ fly, rì í sómi kó rẹ dáadáa, gbé e sókè díẹ̀, kí o sì tú u sílẹ̀. Orí ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ, kí ìrù máa fẹ́ tẹ̀ lé e. Bó bá já wálẹ̀ ní ìbú bí igi, ara rẹ̀ ṣì pọ̀ jù. Ya irun rẹ̀ sí i, já ìrù sí i, tún dán an wò.

Ní Rutland, má kánjú ju fly sí àárín gbùngbùn omi. Ibi tí koríko omi àti òkúta wà ni eṣúṣú ń gbé, níbi tí omi ò ti jìn ju mítà kan sí mẹ́ta lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, nítorí náà àfẹ̀mọ́júmọ́, ìrọ̀lẹ́ àti ọjọ́ tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run ló dáa jù. Okùn fly tó ń léfòó ni kí o lò, kí okùn ọ̀rá tó mọ́ gaara níwájú rẹ̀ gùn tó mítà mẹ́ta àbọ̀. Kókó tó ní òrùka ni kí o fi so fly mọ́ ọn, kí orí rẹ̀ lè ráyè jì. Kókó tó fún un lọ́rùn á sọ ọ́ di igi. Jù ú, ka ení dé ẹ̀wá kó lè rì. Fa okùn bí ìbú ìka mẹ́rin, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí o dúró. Nígbà tí o bá dúró ni orí á já wálẹ̀, tí ìrù á rú sókè, sókè-sódò tí a rí lára eṣúṣú lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà yẹn gan-an ni trout máa ń gbé e, nígbà tó dà bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, má gbójú kúrò lára okùn. Bó bá gbọ̀n, tàbí tó kàn dúró lójijì, má gbé ọ̀pá ìpẹja sókè. Fi ọwọ́ tí o fi di okùn mú fà á gbọn-in.

Mo gbà pé o ti gba ìwé àṣẹ ìpẹja lọ́wọ́ Environment Agency, àjọ ìjọba. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọmọ ọdún 13 gbọ́dọ̀ ní i, owó tí o ń san létí adágún lójúmọ́ ò sì rọ́pò rẹ̀. Adágún kọ̀ọ̀kan tún ní òfin tirẹ̀ lórí ìwọ̀: òmíràn ò gba èyí tó tóbi ju size 10 lọ, òmíràn ò gba ìwọ̀ ẹlẹ́gùn-ún rárá. Bèèrè lọ́wọ́ wọn kí o tó so okùn.

Ní ti mẹ́fà tó wà nílé yẹn, má kó wọn dànù, ìwọ̀ wọn ṣì dáa. Gbé wọn sínú fáìsì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, fi abẹ́ la òwú lórí ọ̀pá ìwọ̀ láti ìdí lọ síwájú, kí ẹnu abẹ́ má ṣe kọjú sí ọwọ́ rẹ. Gbogbo rẹ̀ á ṣí kúrò bí èèpo. Fún méjì tí ojú wọn dí, fi iná yan ẹnu abẹ́rẹ́, fi ẹ̀mú dì í mú, kí o tì í kọjá lójú ìwọ̀. Òwú ọ̀rá tó wà níbẹ̀ á yọ́, ojú á là. Lẹ́yìn náà, wé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà, dúdú ni gbogbo wọn, gígùn kan náà, má pààrọ̀ ohunkóhun láàárín wọn. Tò wọ́n sórí tábìlì, kí o pe ẹnìkan nínú ilé wá wò wọ́n. Bí kò bá lè sọ èyí tí o kọ́kọ́ wé, kó wọn sínú àpótí, ó di Rutland.